Mo dá owó àjọ padà kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Kí ló wá kù tí mi ò fi lè sùn?

Abẹ́rẹ́BọSódò kọ ọ́ pé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó ti tó ọdún méjì tí mo ti ń ka ohun tí ẹ ń kọ níbí, mi ò sọ̀rọ̀ rí. Èyí tí mo fẹ́ sọ yìí, ìyàwó mi gan-an ò tíì gbọ́ ọ.

Télọ̀ ni mí l'Abẹ́òkúta, ṣọ́ọ̀bù mi ò jìnnà sí Ìtòkú. Aṣọ ọkùnrin ni mò ń rán, èmi àti ọmọ iṣẹ́ méjì. Àwa télọ̀ àtàwọn tó ń ta àdìrẹ ládùúgbò yẹn ní àjọ kan tí a máa ń dá láti January títí wọ December. Àwa 26 ni. Kálukú ń mú ₦2,000 wá ní gbogbo Mọ́ńdè, ₦52,000 lọ́sẹ̀ nìyẹn. Tó bá di ìparí ọdún, a ó ra ìrẹsì, òróró àti tòmátò inú agolo, a ó pín in, èyí tó bá ṣẹ́ kù a ó pín in lówó. Èmi ni akápò. Orúkọ mi ni wọ́n fi ṣí àkọọ́ntì tí owó ń wọ̀, orí fóònù mi ló sì wà.

Mo ti ń ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù tipẹ́, ₦200, ₦500, owó ara mi. Ní October, oníbàárà kan já mi kulẹ̀ lórí agbádá mẹ́ta, owó ilé-ìwé ọmọ sì ń lé mi. Mo ní kí n kàn yá ₦12,000 nínú owó àjọ, pé alẹ́ ọjọ́ náà ni màá dá a padà. Mo kó bọ́ọ̀lù mẹ́jọ pọ̀ sórí tíkẹ́ẹ̀tì kan. Méje wọlé. Ìkẹjọ, ó ku bí ìṣẹ́jú márùn-ún kó parí ni wọ́n gbá góòlù tó ba tèmi jẹ́, tíkẹ́ẹ̀tì gé. Ẹni tí kò bá ta á rí kò lè mọ bó ṣe máa ń ṣe èèyàn. Mi ò rí ara mi bí ẹni tó pàdánù, bí ẹni tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ni mo rí ara mi. Lọ́jọ́ kejì mo fi ₦50,000 lé e. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ₦125,000. Gbogbo rẹ̀ lọ.

Mo jókòó sí ṣọ́ọ̀bù lóru ọjọ́ yẹn, iná ti lọ, mò ń gbọ́ bí ọdẹ ṣe ń lu irin ní ìsàlẹ̀ ọ̀nà. ₦187,000 ló dín nínú owó tí kì í ṣe tèmi.

Mo ta ẹ̀rọ wíìfìn mi, èyí tí a fi ń di etí aṣọ kó má baà tú, ní ₦140,000 fún ẹnì kan láti Ṣágámù, nítorí kí ará ọjà wa má baà mọ̀. Mo parọ́ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ pé mo gbé e lọ fún àtúnṣe. ₦47,000 tó kù, aṣọ ẹbí ìsìnkú kan ni mo fi òru rán títí ojú mi fi pọ́n bí epo. Kí November tó parí, owó ti pé, kọ́bọ̀ ò yingin.

Ọjọ́ tí a pín nǹkan, ìyá alága wa dìde, wọ́n ní kí gbogbo ilé pàtẹ́wọ́ fún mi. Wọ́n ní, "Ẹ wo ọmọlúàbí." Wọ́n fi kẹ́ẹ̀gì òróró kan lé ìpín mi. Ẹ gbà mí gbọ́, òróró yẹn wà ní kọ̀rọ̀ ilé ìdáná wa di bí mo ṣe ń kọ èyí. Ìyàwó mi ń fi í dín dòdò, mi ò lè jẹ ẹ́. Mò ń parọ́ pé inú ń run mí.

Ní báyìí wọ́n fẹ́ kí n tún ṣe akápò lọ́dún yìí, wọ́n sì fẹ́ sọ ọ́ di ₦5,000 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ìbéèrè mi méjì nìyí. Báwo lèèyàn ṣe ń ní agbára láti sọ fún ara rẹ̀ pé rárá? Mo ti gbààwẹ̀. Mo ti búra. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti yọ áàpù yẹn kúrò lórí fóònù, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo tún ti gbé e padà. Èkejì: owó ti pé. Ṣé ó tún yẹ kí n sọ ọ́ síta? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ẹsẹ Bíbélì nìkan dá mi lóhùn, mo mọ̀ wọ́n lórí.

KòKànMí kọ ọ́ pé:

Ọ̀gá télọ̀, ẹnu ẹ ni kó o fi pa mọ́. Owó pé àbí kò pé? Ó pé. Ṣé ẹnì kankan sunkún? Rárá. Tó o bá sọ ọ́ ní Mọ́ńdè, kó tó di Wẹ́sìdeè, ₦187,000 á ti di mílíọ̀nù méjì lẹ́nu àwọn èèyàn, wọ́n á ní ilé lo fi kọ́. Mo mọ ọkùnrin kan tó jẹ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé òun mú nínú owó ọrẹ. Ó dá a padà o! Títí dòní, àbúrò ẹ̀ tí ò mọwọ́ mẹsẹ̀ ò rẹ́ni tà á láwìn. Sọ fún wọn pé iṣẹ́ ti pọ̀ jù, o ò lè ṣe akápò mọ́, kó o máa lọ ní tìẹ.

Adé_Manchester kọ ọ́ pé:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrora. Ọ̀rọ̀ jíjẹ́wọ́, mo fi í sílẹ̀ fún àwọn tó jù mí lọ. Tẹ́tẹ́ ni mo mọ̀, ó mọ èmi náà.

Méje wọlé, ọ̀kan gé. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń mú wa. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ bí ẹ ṣe ń wọn aṣọ. Ká sọ pé bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan lórí tíkẹ́ẹ̀tì yín dà bí owó ẹyọ tí a jù sókè, ó lè wọlé, ó lè má wọlé. Kí mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ tó lè wọlé pọ̀, ẹ̀ẹ̀kan ni nínú ìgbà 256. Ṣùgbọ́n kí méje wọlé kí ẹyọ kan gé, ìgbà mẹ́jọ ni nínú 256 yẹn kan náà, nítorí èyíkéyìí nínú mẹ́jọ ló lè jẹ́ ẹni tí yóò bà á jẹ́. Ìyẹn ni pé "ó kù díẹ̀" máa ń ṣẹlẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́jọ ju "mo jẹ" lọ. Ẹ ò sún mọ́ nǹkan kan lọ́jọ́ yẹn. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Ọjọ́ tí mo jókòó fi bírò ṣe ìṣirò yẹn lẹ́yìn ìwé owó iná, ara mi bù máṣọ.

Níbí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìforúkọsílẹ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní GAMSTOP. Ọ̀fẹ́ ni. O ó kọ orúkọ àti àdírẹ́sì rẹ síbẹ̀, o ó yan oṣù mẹ́fà, ọdún kan tàbí ọdún márùn-ún, gbogbo onítẹ́tẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì tó gba ìwé àṣẹ nílùú yìí á sì ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọ. Sunkún o, yí nílẹ̀ o, wọn ò ní ṣí i kí ọjọ́ tó o yàn tó pé. Láti April 2020 sì ni wọ́n ti ní kí ẹnikẹ́ni má fi káàdì àwìn ta tẹ́tẹ́ mọ́. Ṣùgbọ́n èyí tó gbà mí jù, inú áàpù báǹkì mi ló wà: bọ́tìnì kan ni, tí mo bá tẹ̀ ẹ́, owó mi ò ní lè lọ sọ́dọ̀ onítẹ́tẹ́. Bí mo bá fẹ́ ṣí i padà, mo gbọ́dọ̀ dúró fún wákàtí 48. Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò mọ ohun tí wákàtí 48 lè ṣe. Ìgbóná yẹn kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lára. Alẹ́ Fráídè kan ni mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ṣí i. Ìgbà tó fi máa di alẹ́ Sọ́ńdè, mo ti ń fọ aṣọ iṣẹ́ mi, mi ò rántí orúkọ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tí mo fẹ́ ta mọ́.

Yíyọ áàpù ò já mọ́ nǹkan, ìṣẹ́jú méjì ni yóò fi padà. Ẹ kọ̀wé sí àwọn onítẹ́tẹ́ yẹn kí wọ́n ti àkọọ́ntì yín pa pátápátá. Kí ẹ sì gbé owó tí kì í ṣe tiyín lọ sí báǹkì tí kò sí lórí fóònù, tó jẹ́ pé ẹ máa tò sórí ìlà nínú oòrùn kí ẹ tó rí i gbà.

Agbára ọkàn tí ẹ ń bèèrè, èmi ò ní in o. Ọdún mẹ́ta rèé tí mi ò ta, mi ò sì lágbára ju bí mo ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ.

ÌyáAlájọMuṣin kọ ọ́ pé:

Ọmọ mi, mo kí ọ. Ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi tẹ ọ̀rọ̀ yìí, bí ẹ bá rí àṣìṣe, òun ni kí ẹ bá wí. (Màmá, mo gbọ́ o.)

Ọdún 31 ni mo fi gba àjọ ojoojúmọ́ ní Muṣin kí orúnkún tó dá mi dúró. O mọ bó ṣe rí: káàdì tó ní ojú 31, ẹni tó ń dá ₦200 lójúmọ́ á gba ti ọgbọ̀n ọjọ́ níparí oṣù, ti ọjọ́ kan jẹ́ ti alájọ. Ti ọjọ́ kan yẹn ni oúnjẹ mi. Ìyókù, mo kàn ń bá wọn gbé e rìn ni. Owó tó ń wọ inú báàgì mi láàárín ọ̀sẹ̀ kan, mi ò ní irú rẹ̀ rí láyé mi. Ta ló wá ní kì í wu èèyàn?

Gbogbo yín lẹ máa ń sọ pé orí ẹni pé bíi ti alájọ Ṣómólú, tó ta mọ́tò ra kẹ̀kẹ́. Alphaeus Taiwo Olunaike lorúkọ bàbá yẹn, ọmọ Ìjẹ̀bú ni wọ́n, iṣẹ́ télọ̀ bíi tìrẹ ni wọ́n sì kọ́kọ́ kọ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ àjọ ní 1954. Orí pípé ni aráyé ń yìn, nítorí wọ́n ní wọn kì í kọ ọ́ sílẹ̀, wọn kì í sì í ṣì í. Èmi tí mo ṣe iṣẹ́ náà, kẹ̀kẹ́ yẹn ni mo máa ń rò. Mọ́tò ò lè wọ àárín ìsọ̀, kẹ̀kẹ́ lè wọ̀ ọ́. Kẹ̀kẹ́ á gbé ọ dé iwájú aláta, á gbé ọ dé iwájú ẹlẹ́fọ̀ọ́, lójoojúmọ́. Bó o bá ń wo ojú ẹni tó ni owó lójoojúmọ́, ọwọ́ rẹ á máa ronú kó tó nà. Tìrẹ wà nínú fóònù. Kò lójú, kò lẹ́nu. Ìyá aládìrẹ tó fún ọ ní ₦2,000 lè máà jẹ ẹran lọ́sẹ̀ yẹn, nọ́ńbà ni ìwọ rí.

Jẹ́ kí n sọ tèmi. Lọ́dún 1993, lẹ́yìn tí wọ́n fagi lé ìbò June 12, ìlú dàrú, ọjà tì, kò sí ẹni tó ń dá àjọ. Ọmọ mi kejì dùbúlẹ̀ àìsàn, wọ́n ní kí n sanwó sílẹ̀ kí wọ́n tó gbà á sórí bẹ́ẹ̀dì. Owó àjọ wà nínú garawa lábẹ́ ibùsùn mi. Mo mú ₦900 nínú rẹ̀. Ẹ má fi ojú òní wo ₦900 o. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa tí mo fi dé ẹnu ọ̀nà Ìyá Elépo, torí àwọn ni wọ́n lówó jù nínú rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Mo mú nínú owó yín lálẹ́ àná, mi ò tọrọ." Wọ́n bú mi. Wọ́n bú mi débi pé àwọn ará ilé jáde sí wa. Ìgbà tí wọ́n bú mi tán ni wọ́n ní, "Ọmọ ńkọ́?" Oṣù mẹ́rin ni mo fi san án. Títí Ìyá Elépo fi kú, àwọn ló máa ń mú oníbàárà tuntun wá fún mi. Ohun tí wọ́n máa ń sọ fún wọn ni pé, "Ẹ dá a lọ́dọ̀ rẹ̀. Bó bá jí i, á sọ fún yín."

Ìwọ tó o ní kò kàn ọ́, ó kàn ọ́ tó o fi kọ ọ́ tó báyẹn. Òótọ́ lo sọ nípa ẹnu ayé, èmi náà ò ní kó lọ dúró síwájú èèyàn 26 kó máa sunkún. Ṣùgbọ́n o ní kó parọ́ pé iṣẹ́ pọ̀, irọ́ kejì nìyẹn, lẹ́yìn ti ẹ̀rọ tó ní òun gbé lọ fún àtúnṣe. Irọ́ inú rírùn ni ìkẹta.

Ọmọ mi, gbèsè owó ti tán. Àtẹ́wọ́ yẹn ló kù. Wọ́n fẹ́ fi ₦130,000 lé ọ lọ́wọ́ lọ́sẹ̀ nítorí ohun tí wọn ò mọ̀. Bí wọ́n bá mọ̀ tí wọ́n tún gbé e fún ọ, ìyẹn di ọ̀rọ̀ tiwọn. Lọ bá ìyá alága àti akọ̀wé, àwọn méjì péré. Kí ẹ fi orúkọ ẹni méjì sí àkọọ́ntì náà, kí álẹ́ẹ̀tì rẹ̀ máa dún lórí fóònù ẹlòmíràn, kí ẹ sì máa ka iye tó wà níbẹ̀ sétígbọ̀ọ́ gbogbo èèyàn ní Mọ́ńdè Mọ́ńdè. Ṣọ́ọ̀ṣì ni mò ń lọ, ṣùgbọ́n bàbá mi gbọ́ Ifá, wọ́n sì máa ń sọ fún wa pé Ìwà, ìyàwó Ọ̀rúnmìlà, ìdílé Sùúrù ló ti wá. Nígbà tí Ọ̀rúnmìlà lé e lọ, tí nǹkan ò gún mọ́, ilé dé ilé ló ń wá a, ó ń bi àwọn èèyàn pé ṣé wọ́n bá òun rí Ìwà. Kò jókòó sínú yàrá kó máa dá búra.

TíṣàFẹ̀yìntì kọ ọ́ pé:

Ìyá ti sọ ọ́ tán, ohun kékeré kan ni mo fẹ́ fi kún un. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, èèyàn máa ń kó igi ìdáná tàbí iṣu sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà oko, á to òkúta wẹ́wẹ́ síwájú rẹ̀ kí ẹni tó ń kọjá lè mọ iye tó jẹ́, á sì bá tirẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fẹ́ rà á á gbé ọjà, á fi owó sílẹ̀. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ń sọ pé ayé àtijọ́ dára, àpẹẹrẹ yìí ni wọ́n máa ń fà yọ. Wọ́n kì í rántí sọ pé ààlè máa ń wà níbẹ̀: ògbólógbòó bàtà, àkísà, ṣúkù àgbàdo tí wọ́n so kọ́, tó ń sọ fún olè ohun tí ojú rẹ̀ máa rí. Àwọn baba wa gbà pé ọmọlúàbí ni wá. Wọ́n sì so ààlè.

Abẹ́rẹ́BọSódò kọ ọ́ pé:

Mo ti dé o. Ó di ọjọ́ kẹsàn-án lónìí.

Alẹ́ Sọ́ńdè ni mo lọ bá ìyá alága nílé wọn. Wọ́n ń ro ẹ̀bà. Mo sọ gbogbo rẹ̀ láti orí ₦12,000 dé orí ẹni Ṣágámù, wọ́n ń rò ó lọ bí ẹni tí kò gbọ́. Wọ́n bu ẹ̀bà sí àwo méjì. Wọ́n wá ní, "Ẹ̀rọ wíìfìn yẹn, èló lo tà á?" Mo ní ₦140,000. Wọ́n ní, "Wọ́n rẹ́ ọ jẹ."

Wọ́n ti mọ̀ láti November pé ẹ̀rọ ò sí níbẹ̀. Wọ́n ń rí ọmọ iṣẹ́ mi tó ń kó aṣọ lọ wíìfìn ní ṣọ́ọ̀bù òdìkejì. Wọ́n rò pé ọmọ mi ló ń ṣàìsàn ni, wọ́n ti ya nǹkan sọ́tọ̀ nínú owó tiwọn, wọ́n ń retí kí n wá sọ̀rọ̀. Èyí dùn mí ju owó lọ.

Akọ̀wé ò gbà á bẹ́ẹ̀. Ó ní ká ní mo jẹ tẹ́tẹ́ yẹn ńkọ́, ṣé wọn ì bá gbọ́? Mi ò rí èsì fún un. Títí di òní, bí mo bá kí i, ẹnu ló fi ń dá mi lóhùn, kì í wo ojú mi. Ó lẹ́tọ̀ọ́.

Mi ò ṣe akápò mọ́. Wọ́n ti ṣí àkọọ́ntì míì ní báǹkì tó wà nítòsí ọjà, orúkọ ẹni méjì ló wà níbẹ̀, kò sí tèmi. Ìyá alága ní kí n máa mú ìwé, kí n máa lọ gba owó lọ́wọ́ kálukú ní ìsọ̀ rẹ̀, kí n kó o fún wọn kó tó di ago mẹ́rin. Màmá Muṣin, ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn ín, mi ò ní kẹ̀kẹ́. Mọ́ńdè tó kọjá ni mo kọ́kọ́ lọ. Ẹnì kan nínú wọn, aláró ni wọ́n, ọwọ́ wọn dúdú dé ìgbọ̀nwọ́, wọ́n tú owó náà láti ìdí ìró, ọgọ́rùn-ún náírà rọ́bọ́rọ́bọ́, wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì kó tó pé ₦5,000. Ó pẹ́. Mo dúró.

Mo ti sọ fún ìyàwó mi. Ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kẹrin ó gba fóònù mi, ó yí nọ́ńbà tí mo fi ń fowó ránṣẹ́, kò sì sọ tuntun fún mi. Bí mo bá fẹ́ ra òwú, mo gbọ́dọ̀ lọ bá a. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ń fi mí rẹ́rìn-ín, mo gbọ́ wọn.

Adé, mo kọ̀wé sí àwọn onítẹ́tẹ́ yẹn bí ẹ ṣe wí. Wọ́n ti ti àkọọ́ntì náà. Lálẹ́ ọjọ́ kejì wọ́n fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ pé àwọn ní ẹ̀bùn fún mi tí mo bá padà.

Sátidé àná, mo ń gbá ọrùn dàńṣíkí kan, wọ́n ń wo bọ́ọ̀lù ní ṣọ́ọ̀bù onírun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Gbogbo wọn pariwo lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọ iṣẹ́ mi kékeré sáré wọlé, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ gbọ́ ẹni tó gbá a sáwọ̀n?" Mo ní kó má sọ fún mi, kó lọ bá mi ki òwú funfun bọ abẹ́rẹ́.